Nígbà tí kíláàsì bá ké pé "Ó yé wa!"

Ọmọ 52 ni mò ń kọ́ ní kíláàsì kẹrin ní Mushin. Tí mo bá ṣàlàyé tán, màá ní, "Ṣé ó yé yín?" Wọn á sì ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó yé wa, àǹtí!" Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ariwo yẹn kò sọ nǹkan kan fún mi. Bíi mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n ló ń ké; àwọn tó kù kàn ń bá wọn la ẹnu ni. Ìgbà tí mo bá kó ìwé wọn jọ ni àṣírí máa ń tú.

Ìbéèrè tí ọmọ ò lè sá pamọ́ sẹ́yìn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni mò ń bi wọ́n báyìí. Tí a bá ń ṣe ìdá, màá ní: ẹnì kan gé búrẹ́dì Agége sí mẹ́rin ọgbọọgba, ó jẹ ẹyọ kan, ẹlòmíì gé irú ẹ̀ sí mẹ́jọ, ó jẹ méjì. Ta ló jẹ jù? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ná. Kálukú á kọ tiẹ̀ sílẹ̀, á wá kọjú sí ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọn á sì jiyàn ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá pe ẹnì kan: "Kí ni ẹnìkejì ẹ sọ? Ṣé o gbà fún un?" Frank Lyman, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ọ̀nà yìí ní 1981. Kò gba kọ̀ǹpútà, kò sì gba iná mànàmáná.

Dídákẹ́ ló le jù fún mi. Ìwádìí tí Mary Budd Rowe gbé jáde ní 1974 fi hàn pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni olùkọ́ máa ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè kó tó pe ẹlòmíì. Tó bá dúró tó 3, ìdáhùn á gùn sí i, àwọn tí kì í dáhùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú mi.

Èdè tó bá wá sí wọn lẹ́nu ni kí wọ́n fi jiyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ láti 1970, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá ní ìdá ti yé òun, ẹ gbé búrẹ́dì fún un, kó kọ́ yín. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í gé, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá á sọ pé, "Rárá, màmá, kò dọ́gba."