Bí Ìdìbò Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ta Gbòǹgbò ní Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn tó ń du ipò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní UI fi máa ń ti họ́ọ̀lù kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn yàrá kiri, àfi kó padà sí 1948. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ló bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé lọ́dún náà, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ìlànà òyìnbó ni wọ́n tẹ̀ lé: inú họ́ọ̀lù ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun. Họ́ọ̀lù Mellanby ń jẹ́ orúkọ ọ̀gá àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Họ́ọ̀lù Kuti ń jẹ́ orúkọ Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ Elliot tó wádìí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò pẹ́ tí họ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fi dà bí ìlú tó dá dúró, tó ní alága tirẹ̀ àti oríkì tirẹ̀. Olùdíje tí ará họ́ọ̀lù rẹ̀ ò bá tì lẹ́yìn, iṣẹ́ ńlá ló wà níwájú rẹ̀.

Àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ ò fi mọ sí ọ̀rọ̀ họ́ọ̀lù nìkan. Ní November 1960, akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn lọ fẹ̀hónú hàn ní Èkó lórí àdéhùn ààbò tí ìjọba fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Nígbà tó di 1962, àdéhùn náà ti fọ́.

Síbẹ̀, lójú tèmi, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló sọ ipò olórí akẹ́kọ̀ọ́ di ohun tí a kì í fi ṣeré. Ní February 1, 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bínú lórí bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn ní họ́ọ̀lù Nnamdi Azikiwe. Àwọn aláṣẹ pe ọlọ́pàá wá, ọlọ́pàá yìnbọn, ọta ìbọn sì pa Kúnlé Adépéjú. Ọmọ tó wá kàwé ni! Ìjọba gbé Adájọ́ Kazeem dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UI ń jẹ́ orúkọ Adépéjú títí dòní. Lọ́dún 1978, oúnjẹ náà tún ni: owó oúnjẹ òòjọ́ fò láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan àti 50 kọ́bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Nàìjíríà tú síta, ìjọba sì fòfin de NUNS, ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn. Ọdún 1980 ni wọ́n dá NANS tó rọ́pò rẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí alẹ́ máníféstò, níbi tí olùdíje ti ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe, fi máa ń gbóná. Olùdíje á kígbe “Great UItes!”, èrò á gbè é. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn kọ́ ni ìdánwò. Ìdánwò wà lálẹ́ àwọn oníròyìn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìròyìn ti ń da ìbéèrè bò ó: ìgbà tí omi ò sí ní họ́ọ̀lù yín, kí lo ṣe? Owó tó gba ọwọ́ rẹ kọjá ní ipò tó o wà tẹ́lẹ̀, báwo lo ṣe ná an? Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń ta kókó níbẹ̀, ìbò rẹ̀ ti ń jò nìyẹn.

Ní May 2017, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn nítorí káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tí wọn ò rí gbà. Àwọn aláṣẹ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UI dúró. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn náà wà ní UI láìní ààrẹ kankan tí wọ́n fìbò yàn, ó sì dùn mí pé irú àṣà bẹ́ẹ̀ lè já bọ́ láàárín ìran akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Ọdún 2019 ni ìdìbò padà.