Fásitì lé e tán, kí ló tún gbé e dé kóòtù?

Ìbéèrè: Lọ́dún 2018, Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ já ìwé gbélé-ẹ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin fi ara san owó máàkì. Kí ló tún kù tí wọ́n fi gbé e lọ sí kóòtù?

Ìdáhùn: Agbára fásitì kò kọjá géètì. Ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ó lè yọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ìwé, àmọ́ kò ní ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Oṣù Kẹfà ni wọ́n lé e. ICPC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, gbé e lọ sílé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo, ó sì di Oṣù Kejìlá kó tó gba ẹ̀wọ̀n ọdún 2.

Ìbéèrè: Tí ọmọ bá dáná sunlé nínú ọgbà ńkọ́? Ṣebí fásitì lè lé e?

Ìdáhùn: Ibi tọ́rọ̀ ti ta kókó nìyẹn. Lọ́dún 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Maiduguri fa wàhálà, wọ́n sì ba dúkìá jẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì jókòó, igbákejì gíwá ni alága, bẹ́ẹ̀ òun náà wà lára àwọn tí wàhálà ọ̀hún ṣe lọ́ṣẹ́! (Ẹni tí wọ́n jà lólè kọ́ ló yẹ kó dájọ́ olè.) Wọ́n lé àwọn ọmọ náà. Lọ́dún 1986, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre: ọ̀daràn ni ẹni tó bá sunlé, kóòtù nìkan ló sì lè sọ pé ènìyàn dáràn.

Jíjí ìwé wò nínú ìdánwò kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ abẹ́lé nìyẹn. Wọ́n á gba ìwé kékeré tí wọ́n ká bí èékánná lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á fún un ní fọ́ọ̀mù kó kọ tẹnu ẹ̀. Ohun tó bá kọ síbẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì máa kọ́kọ́ kà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹjọ́ olùkọ́ fi ń pẹ́?

Ìdáhùn: Òfin ló so iṣẹ́ ẹ̀ ró. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn fún un, kó fèsì, kí ìgbìmọ̀ wádìí. Bí wọ́n bá fo ọ̀kan, kóòtù lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìbéèrè: Wọ́n rọ́sítíkéètì ọmọ mi. Ṣé ó ti parí?

Ìdáhùn: Rárá, Màmá. Ó máa rọọ́kún nílé fún ìwọ̀n àkókò tó wà nínú lẹ́tà, á sì padà. Ẹni tí wọ́n lé pátápátá ni kì í padà. Ẹ ka lẹ́tà náà dáadáa, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà.