Diving reflex: ohun tó ń jẹ́ kí síìlì pẹ́ lábẹ́ omi

Ẹ bu omi tútù láti inú fìríìjì (bí iná bá wà) sínú abọ́ ńlá, ẹ di èémí mú, kí ẹ sì ki ojú bọ̀ ọ́. Kí ẹnì kan di ọrùn ọwọ́ yín mú níbi tí iṣan ti ń lù. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ọkàn yín ti ń rọra lù. Ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn, má dán an wò o! Bí omi tútù bá kan iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ imú, tí èémí sì dúró, ara á gbà pé a ti mòòkùn. Ọkàn á dẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á dín kù kí ti ọpọlọ má baà dín. Ìyẹn ni diving reflex.

Gbogbo wa la ní in, láti Akúrẹ́ títí dé Ayétòrò létí òkun. Àmọ́ ti síìlì aláwọ̀ eérú, ẹranko òkun tó ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, kọjá tiwa. Apá àríwá òkun Àtìláńtíìkì ni ẹranko yìí ń gbé. Ẹni tó bá ní òun rí i ní Igbókọ̀dá, ẹ tún un bi dáadáa. Ní etíkun Wales, ní ilẹ̀ Britain, inú ihò àpáta létí òkun ni ọ̀pọ̀ abo wọn ń bímọ sí nígbà ìkórè. Akọ ńlá lè wọn 300 kìlógíráàmù.

Bí síìlì bá fẹ́ mòòkùn, ṣe ló ń mí afẹ́fẹ́ síta, nígbà tí àwa ń fa tiwa sínú. Inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ló ń kó ọ́síjìn pamọ́ sí. Myoglobin, èròjà tó ń di ọ́síjìn mú, pọ̀ nínú ẹran rẹ̀ débi pé ó pọ́n dúdú. Ọkàn tó ń lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan lókè omi lè má lù tó 10 nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Sìlíńdà afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ni amòòkùn tó bá wọ irú ihò bẹ́ẹ̀ gbójú lé ní tirẹ̀. Síìlì kékeré a máa yọ́ wá fi eyín fa bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, inú amòòkùn á dùn, á gbàgbé aago. Bẹ́ẹ̀ ihò ní òrùlé, kò sí bó ṣe lè sáré yọrí síta. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pín afẹ́fẹ́ sí mẹ́ta: ìdá kan fún wíwọlé, ìkan fún jíjáde, ìkan fún ìjàǹbá. Bí ti wíwọlé bá ti tán, kó yí padà, ì báà jẹ́ pé síìlì ṣì ń bá a ṣeré.