"Ojalá" Kì í Ṣe Ìlérí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tún bá mi jiyàn lórí fóònù pé ọ̀rọ̀ wa ni ojalá tí àwọn ará Sípéènì máa ń ké bí wọ́n bá ń fẹ́ kí nǹkan rí bẹ́ẹ̀. Ó ní Òrìṣàálá ni. Ẹni kẹfà rèé lọ́dún yìí, ó sì ti sú mi.

Ní 711 ni àwọn Mùsùlùmí ti Àríwá Áfíríkà sọdá sí Sípéènì. Granada, ìjọba wọn tó kẹ́yìn, bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 1492. Kí ọdún náà tó pé, Lárúbáwá ti wọnú èdè ìlú. "Law šá lláh" ni wọ́n ń wí: bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹnu àwọn Kristẹni ibẹ̀ ló sọ ọ́ di oxalá. X ìgbà yẹn, ṣ tiwa yìí ni. Nígbà tó yá, ìró náà sá wọ ọ̀nà ọ̀fun, ní 1815 Akadẹ́míìà èdè wọn fi j rọ́pò x. Àwọn Potogí ò yí tiwọn: oxalá ni wọ́n ń kọ dòní. Nígbà tí àwọn èèyàn wa gbé Òrìṣàálá dé Brasil, Oxalá náà ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Oríta ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

"Law" yẹn gan-an ló ká mi lára. Àwọn Mùsùlùmí wa ń sọ "ínṣà Allah", "in" nìyẹn: "bí" fún ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò dájú, tàbí tí kò ṣẹlẹ̀ rárá, ni Lárúbáwá ń fi "law" sọ, bí "ì bá ṣe pé" tiwa. Ní Sípéènì náà, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "ojalá llueve", nítorí "òjò ń rọ̀" ni llueve. "Ojalá llueva" ni: kí òjò ṣáà rọ̀. "Ojalá lloviera": òjò ì bá jẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ yìí, kó má pe ara rẹ̀ ní ògbufọ̀.

Bàbá kan ń ta kajú. Oníbàárà rẹ̀ ní Sípéènì kọ̀wé sí i: "Ojalá podamos pagarle en marzo." Ọmọkùnrin kan tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ èdè lórí fóònù túmọ̀ rẹ̀ fún un: "A ó san owó yín ní Máàṣì." Bàbá lọ yáwó èlé. Wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ kó tó gbé ìwé náà wá bá mi.

Mo ní, "Bàbá, wọn ò ṣèlérí kankan. Àdúrà ni wọ́n ń gbà."

Bàbá wò mí títí. "Èmi náà ti ń ṣe àmín láti Máàṣì."