Alùpùpù Àtijọ́ Tí Kò Ṣíná: Púlọ́ọ̀gì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Bí Honda CG125, irú èyí tó jáde ní 1976, bá ti wà nílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan tó wá kọ̀ tí kò ṣíná, kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n sábà máa ń dì mú. Wọn á ti yí gbogbo sukúrù ara rẹ̀ tán kó tó di pé wọ́n wò ó bóyá epo tilẹ̀ ń débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan sukúrù kankan. Ẹ ṣí tápù epo, ẹ fa ṣóòkì (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀), ẹ ta á ní kíìkì bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, kí ẹ wá tú púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, wò.

Bó bá gbẹ, epo kò wọlé. Ẹ yọ rọ́bà epo lẹ́nu kábúrétọ̀, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ike, ẹ ṣí tápù. Tí epo bá kọ́kọ́ dà dáadáa tó wá ń dín kù, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Bó bá tún ń dà, ihò afẹ́fẹ́ ara ìdérí ló dí. Tí kò bá dà rárá, ìpẹtà inú táńkì ti dí asẹ́ tápù, bí ẹ bá sì fọ asẹ́ láìfọ táńkì, yóò tún dí.

Tí epo bá ń dé kábúrétọ̀, jẹ́ẹ̀tì kékeré, idẹ oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, ló kù. Ihò rẹ̀ kò tó ìdajì milimítà, epo tó ti pẹ́ nínú abọ́ kábúrétọ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn bíi gọ́ọ̀mù. Alùpùpù tó jẹ́ pé ṣóòkì nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, tó ń kú bí ẹ bá ti dá a padà, jẹ́ẹ̀tì yìí ni kí ẹ fura sí. Ẹ rẹ ẹ́ sínú pẹtiróòlù, ẹ jẹ́ kí fọganáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ lè rí ìmọ́lẹ̀ róbótó. Ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́ o! Idẹ rọ̀, ihò náà yóò fẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa mu epo yó.

Bí púlọ́ọ̀gì bá tutù, ẹ ti tápù, ẹ pa súwíìsì, ẹ yí ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń fún un níná dé òpin, ẹ ta kíìkì láìsí púlọ́ọ̀gì kí epo lè jáde. Ẹ nu epo tó bá dà sílẹ̀ gbẹ. Ẹ wá tan súwíìsì, ẹ fi púlọ́ọ̀gì sẹ́nu wáyà rẹ̀, ẹ fi kan irin ẹ́ńjìnnì, kó jìnnà sí ihò rẹ̀, kí ẹ tún ta kíìkì. Àlàfo ẹnu D8EA, irú púlọ́ọ̀gì tó ń lò, jẹ́ 0.6 sí 0.7 milimítà. Bí iná rẹ̀ bá ní àwọ̀ aró tó sì ń ta pàà, fílóòtì, ohun tó ń léfòó nínú abọ́ kábúrétọ̀ láti dá epo dúró, ni kí ẹ tú: ẹ gbọ̀n ọ́n létí, bí epo bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti jò. Bí iná bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ nu ojú kọ́ńtáàtì (ohun tó ń ṣí tó ń pa láti mú iná púlọ́ọ̀gì wá), kí ẹ sì ṣètò àlàfo rẹ̀ sí 0.3 sí 0.4 milimítà.