Òkùnkùn ló kọ́kọ́ dé: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn nínú àwòrán Caravaggio

Ẹni tó bá rí àwòrán Ìpè Mátíù Mímọ́ lè rò pé ayàwòrán yà á tán ni kó tó wá fi ọ̀dà dúdú bo àyíká rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: òkùnkùn ló kọ́kọ́ dé ojú kanfáàsì náà. Ìmọ́lẹ̀ ló wá bá a níbẹ̀.

Caravaggio, ọmọ Ítálì tí wọ́n bí ní 1571, parí iṣẹ́ yìí ní 1600 fún yàrá àdúrà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi ní Róòmù. Ó fẹ̀, ó sì ga ju mítà mẹ́ta lọ. Orí ojú funfun ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán àtijọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ yàtọ̀: ọ̀dà erùpẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn, tí wọ́n fi òróró pò, ló fi ń pa kanfáàsì lára ná. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, a ṣì ń rí ìlà tó fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó fà sínú ọ̀dà láti sàmì sí ibi tí orí tàbí apá yóò wà.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìṣẹ́po aṣọ: ibẹ̀ ni ọ̀dà funfun tí wọ́n fi òjé ṣe ń lọ, ó sì nípọn. Níbi òjìji, ọ̀dà fẹ́lẹ́. Níbòmíràn, ìpìlẹ̀ ṣíṣókùnkùn yẹn gan-an ló ṣẹ́ kù, búrọ́ọ̀ṣì kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ojú àwa tí à ń wò ó ló ń parí iṣẹ́ náà. Ọ̀dà kò ní iná nínú, kò sì sí funfun tó lè mọ́ ju funfun lọ. Ṣùgbọ́n funfun tó dà bí eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ mìíràn tó mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú kirikiri, yóò máa tàn yanran.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù. Fèrèsé kan wà nínú àwòrán, kò sì tan ìmọ́lẹ̀ kankan. Apá ọ̀tún lókè ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, ó gba ẹ̀yìn Jésù wọlé, ó dábùú ògiri. Ògiri òsì yàrá àdúrà ni àwòrán yìí wà. Ẹni tó bá kọjú sí i, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni pẹpẹ wà, fèrèsé gidi sì wà lókè pẹpẹ náà. Ìmọ́lẹ̀ inú ilé àti ti inú àwòrán wá di ọ̀kan. (Ó ti pẹ́ tí àlejò ti ń sọ owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ kan níbẹ̀ kí iná tó tàn sí Mátíù, agbowó òde tí Jésù ń pè yìí.)

Lẹ́yìn àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà ní ìlú Trent, tó parí ní 1563, Ìjọ Àgùdà fẹ́ àwòrán tí yóò kọ́ni, tí yóò sì wọni lọ́kàn. Caravaggio kò ya áńgẹ́lì kankan síbí. Jésù gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú òjìji, Pétérù dúró bò ó lára. Ojú Jésù àti ọwọ́ tó nà ló hàn. Àwọn tó wà nídìí tábìlì gbójú sókè, ọ̀kan nínú wọn ń nàka.

Ní ìpẹ̀kun tábìlì, ọ̀dọ́kùnrin kan sorí kọ́, ó ń ka owó. Ìmọ́lẹ̀ ti bà á, kò tíì mọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní òun gan-an ni Mátíù.