Ẹni Tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀ Kò Ṣẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àwọn Tó Ń Ṣe Eré Orí Tábìlì

"Iléeṣẹ́ tó ń rówó kì í lé òṣìṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá lé, ó ní ohun tó ṣe."

Ẹnu ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin wa níbí, lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí mo ń bá iléeṣẹ́ kan lókè òkun ṣe ti dópin ni. Àwòrán ara káàdì eré ni mo ń yà fún wọn, ọdún méjì gbáko. Bàbá bi mí bóyá mo fi iṣẹ́ falẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mo gbó ọ̀gá lẹ́nu. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bú mi. Àṣìṣe kan ni wọ́n ń wá, èyí tí a lè torí rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀, kí iṣẹ́ náà lè padà wá.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jà Wàndó, mo sì ti gbọ́ ọ láàárín àwa tí a jọ máa ń ṣeré lálẹ́ Sátidé. Ó jọ òótọ́ lóòótọ́. Tí àkàrà ìyá alákàrà bá ń tà, ṣé yóò lé ọmọ tó ń bá a lọ ẹ̀wà? Ṣe ni yóò wá ọmọ mìíràn kún un. Ohun tí ojú wa ń rí nìyẹn, òun la sì fi ń wọn iléeṣẹ́ tó jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà kò bá wọn mu. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí mo mọ ọ̀rẹ́ kan tó fi oṣù mẹ́ta purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ṣì níṣẹ́, nítorí pé ojú ń tì í fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Ẹni tó bá ti ta ayò rí mọ irú eré tí mò ń sọ: ọ̀pọ́n, ọmọ ayò, ẹni méjì, àti àwọn òǹwòran tí kò lè pa ẹnu mọ́. Àwọn eré orí tábìlì tí wọ́n ń tà lónìí jọ ọ́, àfi pé ayò kò ní olówó, àwọn yìí ní. Àwọn kan ní àtẹ. Àwọn kan jẹ́ káàdì, bíi Magic: The Gathering tó jáde ní 1993. Àwọn kan sì wà tí àwọn èèyàn yóò jókòó yí tábìlì ká, tí wọn yóò jọ máa hun ìtàn, bíi Dungeons & Dragons tó ti wà láti 1974. Ẹnì kan ló ń ro bí eré yóò ṣe máa lọ, ẹlòmíràn ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹlòmíràn ń yàwòrán, ẹlòmíràn ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ilé ìtẹ̀wé, tó sábà máa ń wà ní Ṣáínà, ni yóò wá tẹ̀ ẹ́.

Hasbro, iléeṣẹ́ ohun ìṣeré ní Amẹ́ríkà, ló ni Wizards of the Coast láti 1999, Wizards ló sì ni eré méjèèjì tí mo dárúkọ yìí. Ní 2022, Magic nìkan pa owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní 2023, owó tó wọlé sí ẹ̀ka Wizards tún fi ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i. Ọdún yẹn náà ni Baldur's Gate 3, eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé ka orí Dungeons & Dragons, gba ẹnu aráyé kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì, Hasbro kéde pé òun yóò dá nǹkan bí òṣìṣẹ́ 1,100 dúró, yàtọ̀ sí nǹkan bí 800 tó ti lọ ṣáájú. Àwọn tó ń ṣe Magic àti Dungeons & Dragons wà lára wọn.

Kí ni wọ́n ṣe? Ọjà ọwọ́ wọn ń tà. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ilé náà ń ná, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ní 2019, Hasbro ra iléeṣẹ́ fíìmù kan, Entertainment One, ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Nígbà tí 2023 fi máa parí, ó ti ta ẹ̀ka fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fún Lionsgate, iléeṣẹ́ fíìmù mìíràn, mílíọ̀nù 375 dọ́là ni owó tó gbà sọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ohun ìṣeré ọmọdé tí àwọn èèyàn ń rà wìtìwìtì nígbà Kòrónà kò tà bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Owó tó wọlé sí gbogbo Hasbro lápapọ̀ fi ìdá 15 nínú 100 dín kù lọ́dún náà. Ọmọ kan ń pọnmi sínú odù, ọmọ mìíràn ń dà á nù. Nígbà tí omi gbẹ, àwọn méjèèjì ni wọ́n ní kí wọ́n jáde nílé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá, wọ́n mi orí.

Nígbà mìíràn, ọ̀ràn náà kò tilẹ̀ ti inú ilé wá. Ní oṣù Kẹrin 2025, Amẹ́ríkà gbé owó ibodè lórí ọjà Ṣáínà dé ìdá 145 nínú 100. Iléeṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Greater Than Games, àwọn ló ṣe Spirit Island, eré tí àwọn ẹ̀mí erékùṣù kan ti ń lé àwọn òyìnbó amúnisìn kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Mo fẹ́ràn eré yẹn gan-an, àwọn tó ń ta á sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Lóṣù náà gan-an, àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà dá èyí tó pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n ní owó ibodè ló fà á. Àwa tí a rí i nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ní oṣù Kẹjọ 2019, tí kò ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti lóye. Ẹni tí tòmátò rẹ̀ jẹrà sí Ìgólò, lẹ́bàá ibodè, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ará ilé mi kò mọ̀ rárá: ìgbà tí a ń ṣe eré yàtọ̀ sí ìgbà tí eré ń tà. Tí mo bá fi àwòrán tó kẹ́yìn ránṣẹ́, ó di ilé ìtẹ̀wé, ó di inú ọkọ̀ ojú omi, ó di ilé ìkẹ́rùsí. Ó lè tó ọdún kan kí páálí náà tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń pariwo pé eré náà dùn, iléeṣẹ́ kò ní nǹkan kan tó tún ń wá lọ́wọ́ mi. Àwọn ará Sábẹ̀ẹ́ á tètè mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tí wọ́n gbà láti ṣa kajú kò lè sọ pé nítorí kajú tà dáadáa, kí wọ́n máa sanwó fún òun títí ìkórè mìíràn yóò fi dé.

Àgbàṣe gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe. A ń san owó fún òǹkọ̀wé ní iye ọ̀rọ̀ tó kọ, a ń san fún ayàwòrán ní iye àwòrán tó yà. Àwọn 1,100 yẹn, ó kéré tán, ẹnì kan kà wọ́n, ìwé ìròyìn sì gbé e. Alágbàṣe tí iṣẹ́ tó kàn kò dé sí àpótí lẹ́tà rẹ̀ mọ́, ta ló ń kà á? Kò sí ẹni tó lé e. Wọ́n kàn kò pè é mọ́ ni.

Bàbá ní, "Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ wà lára káàdì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta ọ̀kan, ṣé kò yẹ kí nǹkan kàn ẹ́ ni?" Mo bi wọ́n léèrè agbẹ́gilére tó gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àdúgbò wọn. Wọ́n ti san owó rẹ̀, ó ti lọ sílé. Ọjọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ẹnikẹ́ni kì í pè é wá gba owó ijó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán mi. Ohun tí wọ́n ń kọ sínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ní Amẹ́ríkà ni pé iléeṣẹ́ ni òfin yóò kà sí ẹni tó dá iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹni tó yà á. Orúkọ mi tó wà níbẹ̀, ìyìn ni, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n ti agbẹ́gilére sàn díẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni igi kan. Tí ikán bá jẹ ẹ́, wọ́n á tún padà wá a lọ. Àwòrán tí mo yà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ ní mílíọ̀nù ìgbà, ikán kankan ò sì ní jẹ ẹ́ láéláé.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Elizabeth Magie gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí The Landlord's Game ní 1904, inú eré yẹn ni Monopoly, eré orí àtẹ tí wọ́n ti ń ra ilẹ̀ àti ilé, sì ti jáde. Ní 1935, Parker Brothers, iléeṣẹ́ tó ń ta eré, fún un ní 500 dọ́là, kò sí ìpín kankan lórí títà. Charles Darrow tó gbé Monopoly tà fún wọn ló di mílíọ́nà. Ní Jámánì, ní 1988, àwọn aṣẹ̀dá eré kan pàdé níbi ọjà ohun ìṣeré ìlú Nuremberg, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pélébé tí wọ́n ń gbé ife bíà lé pé iléeṣẹ́ tí kò bá kọ orúkọ àwọn sára páálí eré kò ní rí eré gbà lọ́wọ́ àwọn mọ́. Ìyẹn ṣe aṣẹ̀dá eré lóore. Kò dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán.

Wọ́n tún máa ń sọ pé: ṣe àgbàṣe rẹ dáadáa, wọn á gbà ẹ́ síṣẹ́ tó bá yá. Èmi náà gbà á gbọ́. Ọdún méjì ni mo fi ń gbọ́ "tó bá yá" lẹ́nu iléeṣẹ́ yẹn, mo ń ṣiṣẹ́ òru, n kò béèrè àfikún. Mo ti wá rí i báyìí pé bí mo ṣe ń ṣe é dáadáa tó ni kò ṣe sí ìdí tí wọn yóò fi gbà mí. Iṣẹ́ ń dé lásìkò, kò sí owó ìsinmi, kò sí owó ìdágbére, kò sí ti àìsàn. Kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Òfin 2017-05 tí a ṣe ní ilẹ̀ Benin wa yìí ní oṣù Kẹjọ 2017 gbà kí agbanisíṣẹ́ máa tún àdéhùn onígbà díẹ̀ ṣe léraléra, láìsí iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ dúró.

Ibi tí mo ti rí i pé ó yàtọ̀ ni Paizo, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe Pathfinder, eré ìhun-ìtàn mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn alágbàṣe tí kò lè wọ ẹgbẹ́ náà gbé kálàmù sílẹ̀ nítorí wọn, wọ́n ní àwọn kò ní kọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Oṣù náà kò parí tí iléeṣẹ́ fi gba ẹgbẹ́ náà wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Kétu, Bàbá ní kí n ka ìwé àdéhùn mi fún àwọn. Mo ṣí i lórí fóònù, mo ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé iléeṣẹ́ lè fòpin sí i nígbàkígbà láìsọ ìdí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Èyí tí o ní àwọn mìíràn gbé wá fún ẹ lọ́sẹ̀ yìí ńkọ́, ṣé o ti fọwọ́ sí i?"

Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Kí n tó wọkọ̀ padà sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tuntun náà pé tí wọ́n bá dá iṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà, kí wọ́n san ìdajì owó gbogbo àwòrán tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn lè san, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.